Kí Lọmọ Apẹja Fẹ́ Fi Kákúlọ́ọ̀sì Ṣe?

Àwọn kan máa ń fi ọmọ Ìlàjẹ tó lọ kọ́ ìṣirò ní yunifásítì ṣe yẹ̀yẹ́: "Kí lọmọ apẹja fẹ́ fi kákúlọ́ọ̀sì ṣe?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò kẹ́ ẹ lọ wò ó. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ sì ni etíkun Máhìn, kì í ṣe iyanrìn bíi ti Èkó. Ìgbì, atẹ́gùn, bí omi ṣe jìn tó, gbogbo wọn ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò irú èyí gan-an lọmọ yẹn ń kọ́ lọ́dún kejì: á di ìyókù mú, á jẹ́ kí ẹyọ kan yí, á wo ohun tó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà á wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹrẹ̀ tó ń kúrò bá ju èyí tó ń wọlé lọ, ilé ẹnì kan ti fẹ́ wọ omi nìyẹn.

Àwọn olùkọ́ náà ò ṣe é re o. x, y, z ṣáá ni wọ́n ń kọ sójú pátákó. Ọmọ á há a sórí, á yege, ó parí. Ta ló ní kí wọ́n má fi òkun ẹ̀yìnkùlé ọmọ náà ṣe àpẹẹrẹ? Lọ́jọ́ tí agbaṣẹ́ṣe bá gbé ìwé odi òkun dé, ta ni nínú wa tó máa yẹ ìṣirò ẹ̀ wò?