Ẹ má tìtorí físà sáré ṣègbéyàwó: òfin tí wọ́n fi ń gbà yín nímọ̀ràn ti yí padà

Ìmọ̀ràn kan ṣì ń lọ káàkiri láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ jàpá lọ sí ìlú Ọba: "Ẹ tètè ṣègbéyàwó kí ẹ lè jọ lọ." Ìyá ọkọ ń sọ ọ́, àbúrò bàbá ìyàwó ń sọ ọ́, ejẹ́ńtì tó ń bá wọn ṣètò físà náà ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ọdún 2022 ni, wọn ò parọ́. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ń lọ kà fún máásítà lè mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ dání, ẹni tó tẹ̀ lé e sì lè ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Owó iṣẹ́ ẹni yẹn ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya fi ń san owó ilé àti ìyókù owó iléèwé.

Ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tó ń lọ ṣe máásítà tí wọ́n ń jókòó kà ní kíláàsì ò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn tó ń ṣe PhD tàbí oyè ìwádìí míì, àtàwọn tí ìjọba ń san owó iléèwé wọn, ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, ó kan àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ní àwọn ò gba òṣìṣẹ́ kíà tuntun láti òkè òkun mọ́ rárá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò gùn. Tó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lẹ fẹ́ fi lọ, ìgbéyàwó tí ẹ sáré ṣe ò ní mú ẹ̀yin méjèèjì wọ bàálù kan náà. Owó tí ẹ bá ná sí i ló tiẹ̀ lè dá ẹni tó yẹ kó lọ dúró.

Ọjọ́ 28 tí kò gba àwàdà

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025, owó oúnjẹ àti ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn jẹ́ £1,171 lóṣù tí iléèwé rẹ̀ ò bá sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń ṣírò, ìyẹn £10,539. Tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, £1,529 lóṣù ni, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ £13,761. Owó iléèwé ọdún àkọ́kọ́ tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀ tún wà lórí ìyẹn. Owó ìlera náà wà lọ́tọ̀: £776 lọ́dún, tó máa ń di £1,164 fún máásítà ọdún kan, torí físà rẹ̀ máa ń kọjá ọdún kan.

Ibi tí ìgbéyàwó ti ń bá físà jà gan-an rèé: owó náà gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra, kó má wálẹ̀ sí i, ì báà ṣe ọjọ́ kan péré. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé àsansílẹ̀ ni gbogbo ètò ìgbéyàwó. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn fẹ́ àsansílẹ̀, alásè fẹ́ àsansílẹ̀, oníkámẹ́rà náà ò ní gbà kí ẹ sọ pé "ó di ọjọ́ náà." Tí ẹ bá yọ owó alásè lọ́jọ́ kẹrìnlá, tí ẹ dá a padà lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkà látorí ení nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé owó àbúrò bàbá yín lè dí àlàfo náà. Àkáǹtì tiyín tàbí ti òbí tó bí yín ni wọ́n máa ń wò. Ti òbí gan-an ń fẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà pé ó fọwọ́ sí i. Owó àna tàbí ti ọ̀rẹ́ ò wọ̀ ọ́. Tí owó ńlá bá ṣàdéédéé já wọlé lẹ́yìn òde, wọ́n lè bi yín ibi tó ti wá. Torí náà, ẹ ya àkáǹtì méjì sọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí owó físà àti owó ìyàwó mọ ara wọn rárá.

Ìyá yín ń retí èsúsú rẹ̀

Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa le jù ni ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé fàájì nìkan làwọn òbí wa ń lé. Ẹ tún un wò. Ìyá tó ti ń ra aṣọ ẹbí fún ogún ọdún, tó ń gbé àpòòwé lọ sóde àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, èsúsú ló ń dá. Ìgbéyàwó yín ni ọjọ́ tó máa kó o. Tí ẹ bá kàn sọ fún un pé "a ò ṣe òde kankan," etí rẹ̀ á gbọ́ pé owó tó ti dá ti wọmi. Ẹ̀rù tún ń ba ẹbí ìyàwó pé ọkọ lè dé ọ̀hún kó gbàgbé ilé, ẹ̀rù yẹn ò sì wá látojú òfo.

Ẹ sọ fún wọn pé ẹ sún òde síwájú ni, ẹ ò fagi lé e. Ẹ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Tí agbára bá ká a, ẹ ṣe ìdána ní iwájú ilé bàbá ìyàwó, kí ẹbí méjèèjì jẹun, kí wọ́n gbàdúrà. Ní ojú àwọn ará ilé, ẹ ti di tọkọtaya nìyẹn. Gbọ̀ngàn àti aṣọ ẹbí lè dúró de ọjọ́ tí ẹni tó lọ bá padà wá.

Kóòtù kì í ṣe ìwé físà lásán

Àwọn kan á ní, "ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣáà ṣe ti kóòtù." Ẹ rọra. Ẹni tó bá ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà, tó tún lọ fẹ́ ẹlòmíì nílànà ìbílẹ̀ nígbà tí ti kóòtù ṣì wà, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni òfin kọ sílẹ̀ fún un. Ilé ẹjọ́ gíga ló sì lè tú u ká, kì í ṣe kóòtù ìbílẹ̀. Ìwé yẹn lágbára ju físà lọ.

Tó bá sì jẹ́ pé ó dá yín lójú, kò pọn dandan kó ṣáájú ìrìn àjò. Òfin ní kí ọjọ́ 21 kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ìwé ìgbéyàwó síta, kí ó sì wáyé láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni òfin ní kó fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹni tó wà nílé lè lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó kí ẹni tó wà lókè òkun tó dé, kí ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lè tó. Ìyàwó tó fẹ́ yí orúkọ padà, kó dákun dúró títí físà á fi jáde. Páásípọ́ọ̀tù ọdún márùn-ún ti di ₦100,000 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, orúkọ inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé iléèwé mu.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín

Lẹ́yìn máásítà, físà ọdún méjì wà tí wọ́n fi ń wáṣẹ́, àmọ́ oṣù 18 ló máa dà fún àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ fún un láti oṣù Kìíní ọdún 2027. Kò gba ọkọ tàbí aya tuntun wọlé. Ìgbà tí ẹni tó lọ bá bọ́ sórí físà Skilled Worker, níbi iṣẹ́ tó tó ìpele oyè yunifásítì, tí owó oṣù rẹ̀ lápapọ̀ lọ́dún sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti £41,700, ló tó lè pe ẹnì kejì. Owó ìlera ẹnì kejì yẹn nìkan, £1,035 lọ́dún, tó jẹ́ £3,105 fún ọdún mẹ́ta. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ kó owó ìyàwó pa mọ́ sí.

Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lè tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó jọ gbé. Kì í ṣe gbogbo ìfẹ́ ló lè gbé e. Kí ẹ tó yan àwọ̀ aṣọ ẹbí, ẹ jókòó, ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ọ̀nà míì: kí ẹnì kejì náà wá físà tirẹ̀, tàbí kí ẹ dúró wáṣẹ́ tó gba ẹni méjì. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín, ju kí ẹ lọ mọ̀ ọ́n lórí fóònù láàárín òru.