Èédú Tí Ń Gbiná Láìsí Ìṣáná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iná kì í sọ àfi bí ẹnìkan bá dá a. Èédú ilẹ̀ kò mọ òfin yìí. Ó lè gbiná fúnra rẹ̀ nínú òkìtì tí a kó o jọ sí.

Ohun tí ó ń fà á kò farasin. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń dàpọ̀ mọ́ èédú, ooru díẹ̀ sì ń jáde. Bí òkìtì bá kéré, afẹ́fẹ́ a gbé ooru náà lọ. Bí ó bá tóbi, ooru a há sínú. Bí ó sì ti ń gbóná sí i ni ìdàpọ̀ náà ń yára sí i, títí iná yóò fi sọ. Ẹni tí ó bá ti ki ọwọ́ bọ àárín ààtàn rí mọ̀ pé inú òkìtì kì í tutù bí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ọdún 1915 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ní Enugu. Lónìí, a ń wà á ní Ìpínlẹ̀ Kogi pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú èédú ilẹ̀ wa a sì máa tètè gbóná ju anthracite, èyí tí ó le jù lọ nínú èédú.

Nítorí náà, a kò fara mọ́ àwọn tí ń fi ojú lásán díwọ̀n ewu. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti la ìdánwò sílẹ̀: a ó kó èédú sínú àpótí onítẹ́ẹ́rẹ́ wáyà tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, a ó gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ jẹ́ 140°C fún wákàtí 24. Bí èédú náà bá gbóná kọjá 200°C, tàbí tí ó gbiná, ewu ń bẹ. Síbẹ̀, èyí tí ó yege nínú àpótí kékeré lè jó nínú òkìtì ńlá. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa wọn ooru òkìtì fúnra rẹ̀. Òfin ọkọ̀ òkun àgbáyé pàápàá kò fẹ́ kí a di irú èédú bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ bí ooru rẹ̀ bá ti kọjá 55°C.

Kí iná tó yọjú, gáàsì olóró tí kò ní òórùn a ti máa jáde. Òṣìṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pa. Ohun tí a ń béèrè kò ju èyí lọ: kí a dán èédú wò kí a tó kó o jọ, kí a kì í mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọ inú rẹ̀, kí a sì máa kọ ìwọ̀n ooru rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí wà. Òmìnira tí a gbà ní 1960 kò pé bí ó bá jẹ́ àlejò ni yóò máa sọ fún wa ohun tí erùpẹ̀ wa lè ṣe. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.