Ẹ̀sọ̀ Lábẹ́ Igi Kajú

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìtumọ̀ òwe yìí, kó dé Manigri tàbí Bassila nílẹ̀ Benin lásìkò kajú, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, nígbà tí àwọn Nàgó Manigri àti àwọn Anii Bassila jọ ń to àpò sẹ́bàá títì tó lọ sí Djougou.

Kajú ò fẹ́ ipá. Bó bá gbó, fúnra rẹ̀ ní í já bọ́, tòun ti èso rẹ̀ tó ti pọ́n. Ẹ̀sọ̀ ibí yìí sì gba òógùn: àgbẹ̀ ní láti máa ṣa á nílẹ̀ lóòrèkóòrè, kó yọ hóró kúrò lára èso, kó sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó tó dì í sínú àpò tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kì í ṣe àpò ọ̀rá.

Ṣùgbọ́n owó iléèwé ọmọ kì í dúró. Oníṣòwò ti yá ni lówó sílẹ̀ de ìkórè, ẹ̀rù olè sì ń bani. Ni ẹlòmíràn bá mú ọ̀pá, ó ń lu ẹ̀ka. N kò bú u. Mo mọ ohun tí àìní ń múni ṣe. Àmọ́ òdòdó, ọmọ wẹẹrẹ àti èyí tó gbó ló jọ máa ń wà lórí ẹ̀ka kan náà. Ọ̀pá tó já èyí tó gbó ti gbọn ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dànù. Hóró tí kò gbó a sì súnkì sínú èèpo, omi ara rẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, a sì bu nínú àpò.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìyà náà kì í mọ sọ́dọ̀ ẹni tó kánjú. Olùrà kì í bi òkìtì kajú tí a kó jọ léèrè oko tó ti wá. Ó máa ń bu hóró díẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ là á, yóò ya èyí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó bàjẹ́, yóò sì fojú ìyẹn ṣírò bí ọmọ inú hóró tó wà nínú àpò 80 kílò yóò ti wúwo tó. Iye tó bá jáde, ti gbogbo òkìtì ni. Ìyá arúgbó tó fara balẹ̀ sá tirẹ̀ gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó lu igi. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ni yóò mú kí òun náà ní sùúrù? Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń le koko, fún ẹni tó fagbára mú un àti fún ẹni tí kò fọwọ́ kan ọ̀pá.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán sọ́dọ̀ àgbẹ̀ àti olùrà: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2024 ni ìjọba Benin ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì là jáde nílẹ̀ wa, kí àwọn ilé iṣẹ́ bíi èyí tó wà ní agbègbè ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé lè máa là á níbí. Hóró tó bu kò wúlò fún wọn.

Lójú tèmi, olùrà ló yẹ ká kọ́kọ́ bá wí. Bó bá sanwó kan náà fún gbígbẹ àti tútù, òun náà di ọ̀pá mú nìyẹn. Kí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa kó èyí tó gbẹ jọ lọ́tọ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀, kí wọ́n tà á lọ́tọ̀, kí ìyá arúgbó yẹn lè ka owó tó ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọjà kan náà.