Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Náà A Máa Yọ̀

Ọ̀rọ̀ jíìpù olówó ńlá ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ojú mi rí nǹkan ní Sátidé tó kọjá. Bí kì í bá ṣe àánú Ọlọ́run ni, bóyá ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ojú ewé yìí sí yín.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń bẹ ní Ṣágámù tó ń ṣòwò obì. Owó dé, wọ́n ra jíìpù tòkunbọ̀, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Àga rẹ̀ ń pe oorun, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò pariwo. Wọ́n ní, "Àbúrò, wọlé, kí o wá fojú rí ohun tí owó ń ṣe." Ni a bá forí lé oko wọn lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́, èmi níwájú, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn.

Òjò ti sọ ọ̀nà oko di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. A bá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó rì tàpò-tàpò obì. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n so okùn, wọ́n yí jíà sí èyí tó lọ́ra tó sì lágbára, wọ́n sì fà á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnu ya gbogbo wa.

Kí ló fà á? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí ọ̀kan bá bọ́ sẹ́rẹ̀, á máa yí lásán, èkejì tó wà lórí ilẹ̀ líle á sì dúró gbagidi. Ṣùgbọ́n bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń fà, èyí tó bá rí ilẹ̀ tẹ̀ á gba àwọn yòókù là.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n gbé Land Rover jáde ní 1948. Ní 1970 ni wọ́n ṣe Range Rover, kí ọkọ̀ kan náà lè lọ sóko, kó sì yẹ òde àríyá. Nígbà tí eré-ìje àkọ́kọ́ láti Paris sí Dakar parí ní January 1979, lẹ́yìn tí wọ́n ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, Range Rover ló ṣáájú gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀. Iyì wọn kì í ṣe ẹnu lásán.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ sí Ṣágámù, a bọ́ sí títì márosẹ̀ tó ti Òrè wá. Òjò tún dé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra." Wọ́n ní, "Má fòyà, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni." Kò pẹ́, a rí tírélà kan tó dúró láìtan iná. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì. Jíìpù ń yọ̀ lọ bí ẹni tẹ ilá! Wọ́n yí i wọ inú igbó, níbẹ̀ la dúró sí. Ọmọdé ẹ̀yìn kò de bẹ́líìtì. Ó forí sọ àga iwájú, ètè rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ bò ó láyà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e mọ́ra, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Fífà ni ẹsẹ̀ mẹ́rin wà fún, kì í ṣe dídúró. Gbogbo ọkọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, títí dé ògbólógbòó tasín! Jíìpù tún wúwo, ọ̀pọ̀ nínú wọn lé ní tọ́ọ̀nù méjì. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì ń jẹ kí ọkọ̀ tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ ni bàbá Wole Soyinka, ẹni tó jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988. Òfin ojú pópó kò dá jíìpù sí: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ní títì márosẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ dín in kù gan-an.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ọ̀pá kò bá ti ibi jíà lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, jíìpù ẹnu lásán ni. Highlander àti Lexus RX tó ń ti Amẹ́ríkà wá, òmíràn ń fi mẹ́rin fà, òmíràn ń fi ti iwájú nìkan. Ẹ wo ara táyà pẹ̀lú: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Mẹkáníìkì wo ti ẹ̀gbọ́n mi, táyà náà ti gbó, ojú rẹ̀ sì ti pá, kò lè ti omi dà nù mọ́.

Wọ́n rán ètè ọmọ náà, ara rẹ̀ ti yá. Ó bi wọ́n pé, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ ó tún sáré?" Ẹ̀gbọ́n mi kò fèsì. Ṣùgbọ́n ní Mọ́ńdè, táyà tuntun mẹ́rin ni wọ́n rà, bẹ́líìtì ọmọdé sì wà lórí àga ẹ̀yìn.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.