Ẹ Fi Káfíńtà Sílẹ̀ Jàre!

 Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Bí mi ò bá sọ ọ́, oorun ò ní kùn mí.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹnì kan dìde, ó ní òun ò mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá nídìí gèémù. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ló ń bá wí, ẹni tí gbogbo họ́sítẹ̀ẹ̀lì ń pè ní Káfíńtà. Oṣù kan gbáko ni Káfíńtà fi kan bàálù Dakota sínú gèémù SimplePlanes lórí fóònù rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní bàálù òyìnbó ni, kí ló kàn wá?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, ta ló ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́? SimplePlanes, ègé ègé ló ń kó fún èèyàn: ara bàálù, apá, ìrù, ẹ́ńjìnnì, táyà. Ìwọ lo máa tò ó. Bí ìwúwo bá fà sẹ́yìn ju ibi tí apá ti ń gbé e lọ, imú á kọjú sókè, bàálù á já lulẹ̀. Ojú mi ni Káfíńtà ṣe tú ìrù palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ kan. Apá Dakota gidi fẹ̀ tó mítà 29. Káfíńtà wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin akéwì, ẹ̀yin mélòó lẹ ti tú ìlà kan palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin rí kí ẹ tó kà á fún wa? Èmi náà ò ṣe é, mo jẹ́wọ́.

Ẹ̀kejì, ta ló ní bàálù náà ò kàn wá? Dakota lorúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún C-47, bàálù akẹ́rù àwọn sójà Amẹ́ríkà. Ní 1944, Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, láti bá àwọn ará Japan jà. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn. Igbó kìjikìji ni. Ẹrù wọn, orí ni wọ́n fi ń rù ú. Oúnjẹ wọn, láti inú Dakota ló ti ń bọ́ sílẹ̀. Bí bàálù ò bá wá, ebi nìyẹn.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà níbẹ̀. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní oṣù kẹta 1944, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká. Àwọn Mùsùlùmí ará abúlé ibẹ̀ ló ń bọ́ ọ, tí wọ́n sì fi í pamọ́ títí di oṣù Kejìlá. Ó padà wálé, ó kọ ìwé nípa rẹ̀, ó sì kú ní 2012. Bàálù òyìnbó, àbí?

Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣègbè. Káfíńtà, ìwọ náà gbọ́. Ìlà dúdú àti funfun tí o fà sí apá bàálù ẹ, ti ogun Normandy ni, oṣù kẹfà 1944. O mọ̀ ọ́n dunjú. Mo wá bi ọ́ nípa Kaladan, o ní "Kaladan kẹ̀?" Mo wo inú bàálù ẹ, ó ṣófo. Kò sí àpò ìrẹsì kan, kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń tì í sílẹ̀. Oríkì tí ò dárúkọ ẹnì kankan nìyẹn.

Ẹ̀bi ẹ nìkan kọ́ sá. Àwọn òyìnbó sọ ìtàn Normandy títí tí ọmọ họ́sítẹ̀ẹ̀lì fi lè kùn ún lọ́dà lórí fóònù. Bàbá Fadoyebo kọ tirẹ̀. Àwa akéwì ńkọ́? Ìfẹ́ àti òṣùpá la ń kọ, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹ́rìn-ín, ẹ fi Káfíńtà sílẹ̀. Káfíńtà, pa ìlà Normandy rẹ́, ṣí ilẹ̀kùn, kó ìrẹsì sínú ẹ. Èmi á kọ ewì ẹni tó ń wòkè nínú igbó, tó ń dúró de ìró ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ bá lọ Bọ́mà rí, kó béèrè ohun tó kù nílé: fọ́tò, mẹ́dà, bó jẹ́ orúkọ lásán.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, ẹ mọ yàrá wa. Ẹ kàn rọra wọlé o. Káfíńtà ń tún ìrù ṣe.