Ẹ YÉÉ FI BÁYỌ́LỌ́JÌ ṢE YẸ̀YẸ́ LÓRÍ PẸPẸ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ má bínú sí mi o. Mo tún gbọ́ ọ lórí pẹpẹ pé àwọn onísáyẹ́ǹsì ní ọ̀bọ inú igbó yìí ló bí wa. Irọ́ ni! Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé àwa àti ìnàkí jọ ní baba ńlá kan láyé àtijọ́. Èmi ò gbà á, Ọlọ́run ló dá Ádámù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí èké ni ẹ̀rí èké, kódà kó jẹ́ pásítọ̀ ló jẹ́ ẹ.

Wọ́n tún ní ẹ̀dá tí àbùdá rẹ̀ bá ibi tó ń gbé mu ló ń yè, tó ń bímọ jù. Natural selection nìyẹn. Ṣé ìyẹn náà le ni? Ẹ wo AS. Ibà kì í tètè pa ọmọ AS bíi ti AA, ìdí nìyí tí AS fi pọ̀ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni ewu SS.

Ọ̀dọ́ tá a kọ́ láti fi báyọ́lọ́jì rẹ́rìn-ín á fi èsì àyẹ̀wò rẹ́rìn-ín. Á ní òun ti rí ìran. Mo ti dúró ti ọmọ tí egungun ń ro lóru, tí ìyá rẹ̀ bi mí pé, “Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi so wá pọ̀?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Láti òní lọ, kò sí ìwé genotype, kò sí ìgbéyàwó lọ́dọ̀ mi. Ọlọ́run tó ń wonisàn náà ló fún wa lọ́pọlọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ yín.