Kí A Tó Wo Òkun, Ká Wo Ẹni Tó Ń Ta Ilẹ̀

Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Belize, lágbègbè Stann Creek, ilẹ̀ kan wà létí òkun Caribbean tó fẹ̀ tó nǹkan bí 14,000 éékà. Sanctuary Belize ni àwọn tó ń tà á pè é. Nígbà mìíràn wọ́n á ní Sanctuary Bay, nígbà tó yá ó tún di The Reserve. Ìlú kékeré ọlọ́lá ni wọ́n ń polówó rẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì: òtẹ́ẹ̀lì ńlá, ibùdó ọkọ̀ ojú omi, ilé ìwòsàn, ọjà ìgbàlódé. Wọ́n ní láàárín ọdún méjì sí márùn-ún, gbogbo rẹ̀ yóò ti parí. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó ra pulọ́ọ̀tì níbẹ̀, owó tó wọlé sì ti kọjá mílíọ̀nù 100 dọ́là kí FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́ ní Maryland lópin ọdún 2018.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí àwọn aráyé máa ń sọ ni pé ojúkòkòrò ló kó bá àwọn olùrà, pé wọn ò wádìí. Ẹ̀sùn yẹn ò tọ́ sí gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ bàálù lọ sí Belize, wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ wà lóòótọ́, òkun náà wà, ẹwà ibẹ̀ kì í sì í ṣe irọ́. Ibi tí ọgbọ́n àwọn tó ń tà wà gan-an nìyẹn: ìbẹ̀wò tí olùrà kà sí ìwádìí, ara ìpolówó ni lójú wọn. Olùrà ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ kó rí, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀.

Ẹni tí wọn ò fi hàn án ni Andris Pukke. Ní 1996, Pukke gbà nílé-ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi jìbìtì lórí ọ̀rọ̀ owó yíyá. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ́wọ́ nínú AmeriDebt, iléeṣẹ́ tó ní òun ń ran àwọn onígbèsè lọ́wọ́ láìwá èrè. FTC pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2003. Ní 2006, Pukke gbà láti fi mílíọ̀nù 35 dọ́là sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì kà á léèwọ̀ fún un láti máa parọ́ fún oníbàárà lórí fóònù. Ó tún fi dúkìá pamọ́ fún ẹni tí ilé-ẹjọ́ yàn láti kó o jọ, ìyẹn sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ní Sanctuary Belize, ọrùn yẹn ni wọ́n fi pamọ́. Àwọn tó ń tajà kì í sọ fún olùrà pé Pukke ló ń darí iṣẹ́. Àní, nínú ìwé ẹjọ́, orúkọ méjì mìíràn ló tẹ̀ lé tirẹ̀: Marc Romeo àti Andy Storm.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìpolówó wọn tó yẹ kó kọ olóye lóminú ju gbogbo ìyókù lọ. Wọ́n ń fọ́nnu pé àwọn ò jẹ báńkì kankan ní gbèsè, pé gbogbo dọ́là tó bá wọlé ló ń padà sínú iṣẹ́, nítorí náà kò séwu. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ni báńkì máa ń ṣe kó tó yá ènìyàn lówó láti kọ́ òtẹ́ẹ̀lì? Yóò béèrè iṣẹ́ tí onítọ̀hún ti ṣe parí rí. Yóò yẹ ìwé ìṣirò owó rẹ̀ wò, yóò wádìí bóyá ilé-ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí, yóò sì rán ẹ́ńjínnìà lọ wo ibi tí iṣẹ́ dé kó tó yọ owó ìyókù sílẹ̀. Ẹni tí kò yá owó ní báńkì ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí. Olùrà ló wá di ayánilówó, láìní agbẹjọ́rò báńkì, láìní ẹ̀tọ́ láti dá owó dúró. Adájọ́ Peter Messitte, tó ti gbọ́ ẹjọ́ AmeriDebt náà, rí i ní 2020 pé irọ́ ni ìlérí wọ̀nyí: àwọn tó ń darí iṣẹ́ náà ti kó lára owó náà sápò ara wọn, àìyá owó ní báńkì sì mú kí ewu pọ̀ sí i ni.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti tún ayé rẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni. Kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe é nígbà náà, kí olùrà mọ ẹni tó ń bá dòwò. Èyí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ti London àti Houston fowó ránṣẹ́ sí Ìbẹ̀jú-Lékkí lóṣooṣù, tó jẹ́ pé fídíò ẹnu ọ̀nà ẹ́súté ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ìwé ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń béèrè, ìbéèrè rere sì ni. Àmọ́ ta ló ń pàṣẹ owó, kí ló sì ti kọ́ parí rí?

Messitte ní kí Pukke àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ san mílíọ̀nù 120.2 dọ́là. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà wá dájọ́ nínú ẹjọ́ mìíràn pé òfin tí FTC fi ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ kò fún un lágbára yẹn. Ó yẹ kí owó náà ti já bọ́. Ohun tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rí dì mú ní 2022 ni àṣẹ AmeriDebt ti 2006: Pukke ti rú àṣẹ ilé-ẹjọ́, nítorí náà gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìwé kan náà tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùrà ì bá ti kà, ká ní wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn.